Ohun Tí Ìdánwò Kò Bi Lọ́yà Káyọ̀dé

Ọ̀yẹ́ bo ojú ọ̀nà Badagry pátápátá láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n da ìwé Ìyá Sídí nù ní kóòtù. Níbi tí mo dúró sí ní Ìyànà Ìbà, n kò rí òdìkejì títì. Mò ń gbọ́ ariwo ọkọ̀, n kò rí ọkọ̀. Ètè mi ti là, mo fi adí àgbọn pa á, èyí tí Ìyá Sídí fúnra rẹ̀ rọ sínú ìgò kékeré fún mi. Adí obìnrin náà ń dán lẹ́nu mi, mo sì ń lọ síbi tí iṣẹ́ ọwọ́ mi ti máa dójú tì í. N kò tíì mọ̀.

Ṣùgbọ́n n kò ní kánjú. Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe kọ́ mi níṣẹ́ kò ní mọ ìdí tí inú fi ń bí mi.

Sàbítíyù ni orúkọ mi. Èmi kì í ṣe lọ́yà. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi jẹ́ atẹ̀wé ní ọ́fíìsì lọ́yà kan ṣoṣo, ní òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Badagry, kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ ọmọ mi, Bùsọ́lá, ń múra ìdánwò tí wọ́n ń ṣe kẹ́yìn kí wọ́n tó sọ ènìyàn di lọ́yà. Òun ló ní kí n kọ èyí sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ronú irú iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe. Mo ní kò burú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wá ìtàn dídùn, ẹ ti ṣi ilé yà. Inú ti ń bí mi tipẹ́, mo kàn jẹ́ ẹni tí kì í pariwo ni.

Bí mo ṣe dé ibẹ̀ kò gùn. Bàbá mi mú mi wá láti Ìsẹ́yìn sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Ojo. Àbúrò rẹ̀ mọ ẹnìkan tó mọ Lọ́yà Àgbà tó ni ọ́fíìsì náà, wọ́n ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Owó oṣù ń bọ́ ẹnu, ó ń bo ara. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọwọ́ Bàbá Sóètán ni wọ́n fà mí lé. Òun ni ọ̀gá akọ̀wé. Ọkùnrin tín-ín-rín ni, aṣọ funfun ló máa ń wọ̀, ó fi òwú so apá kan awò ojú rẹ̀ tó kán. Ó lẹ bébà bo gbogbo lẹ́tà orí táípìráítà, ó ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ láìwò ó. Bí mo bá wolẹ̀, rúlà rẹ̀ á bá ìka mi. "Ẹ̀rọ yẹn ò ní ohun kankan tó fẹ́ sọ fún ẹ," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. "Ìwé ni kí o wò." Bí àṣìṣe kan bá wà nínú bébà, a kì í pa á rẹ́. Èmi á yọ ọ́, àti ẹ̀dà mẹ́ta tó wà lábẹ́ kábọ́ọ̀nù, màá bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Mo sunkún títí ní ọdún àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tó wo ojú mi.

Gbogbo ìyẹn, eré ni, bí a bá fi wé ọ̀rọ̀ páàdì.

Páàdì ni agolo pẹlẹbẹ tí yíǹkì wà nínú rẹ̀, tí ẹni tí kò mọ̀wé máa ń fi àtàǹpàkò kàn kó tó tẹ̀ka. Àpò Bàbá Sóètán ló máa ń wà. Ẹnikẹ́ni kì í mú un láìtọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin tí mo dé, Bàbá Ẹ̀gùn kan wá láti etí ọ̀sà. Apẹja ni. Ó fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun fi ọkọ̀ ojú omi òun yá ọkọ ọmọ òun ni, òun kò fi ta á lọ́rẹ. Lọ́yà Àgbà sọ ohun tí màá tẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, mo sì kà á fún Bàbá náà ní Yorùbá, tẹ̀rín tẹ̀yẹ.

"Bàbá, ṣé ó yé yín?"

"Ó yé mi dáadáa, ọmọ mi."

Mo ní kí Bàbá Sóètán fún mi ní páàdì. Kò fún mi. Ó fa àga sún mọ́ apẹja náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọmọ yìí kà fún yín?"

Ọkùnrin náà gbójú sókè díẹ̀. "Ó ní ọkọ̀ ti di ti ọkọ ọmọ mi, àmọ́ kó máa mú ẹja wá fún mi."

"Ṣé bí ẹ ṣe fẹ́ nìyẹn?"

"Rárá o. Ọkọ̀ mi ni."

"Kí ló wá dé tí ẹ ní ó yé yín?"

"Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín sí mi. N kò fẹ́ kó dà bíi pé kò mọ̀ ọ́n kà."

Bàbá Sóètán ní kí n tún un kà, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ní Yorùbá tí ènìyàn fi ń ra iyọ̀. Nígbà tí Bàbá Ẹ̀gùn wá sọ ọ́ padà bó ṣe yẹ, ó fi kún un pé, "Ẹ ò sì dárúkọ àwọ̀n. Inú ọkọ̀ ni àwọ̀n mi wà." Bẹ́ẹ̀ ni mo ya ìwé náà, mo bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Lẹ́yìn tí ó lọ, ọ̀gá mi sọ ohun tí n kò gbàgbé títí di òní. Ó ní, "Sàbí, bí o bá bi àgbàlagbà pé ṣé ó yé e, ọmọlúàbí tó wà nínú rẹ̀ ló máa dá ẹ lóhùn, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní kó sọ ọ́ padà fún ẹ. Ìgbà yẹn lo máa mọ ohun tó gbọ́." Láti ọjọ́ náà, òfin ọ́fíìsì wa nìyẹn. Kí a kà á, kí ẹni náà sọ ọ́ padà, kí páàdì tó ṣí. Nígbà tí Bàbá Sóètán fẹ̀yìn tì, kò fún mi ní ẹ̀bùn míràn. Agolo yẹn ló fi lé mi lọ́wọ́.

Irinṣẹ́ ń yí padà. Táípìráítà tó ń pariwo bí ọlọ lọ, èyí tó ń lo iná dé, iná kò sì sí. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà dé. N kò ní pa irọ́, mo fẹ́ràn kọ̀ǹpútà. Àṣìṣe kan kò ní kí o bẹ̀rẹ̀ láti òkè mọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan bá a wá. Láyé táípìráítà, kò sí bí o ṣe lè tẹ ọ̀rọ̀ ẹnìkan láìjẹ́ pé gbogbo rẹ̀ gba ìka rẹ kọjá. Kọ̀ǹpútà dé, àwọn lọ́yà wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé ẹni ọdún tó kọjá, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀, wọ́n á ki orúkọ ẹni tuntun bọ̀ ọ́, ó parí. Bí ẹni pé ẹnìkan bọ́ aṣọ òkú, ó wọ̀ ọ́ fún alààyè láìwọ̀n ọ́n.

Irú ayé bẹ́ẹ̀ ni Lọ́yà Káyọ̀dé bá lọ́dọ̀ wa.

Ọmọ dáadáa ni, kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi, èmi náà sì ń pè é ní "ẹ", nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Ó fakọyọ nínú ìdánwò. Dárúkọ òfin kan, á sọ ojú ìwé tó wà. Lọ́yà Àgbà ń fi í yangàn. Ṣùgbọ́n gbé ènìyàn síwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Bàbá kan wá nítorí ògiri tí aládùúgbò rẹ̀ mọ wọ ilẹ̀ rẹ̀. Káyọ̀dé kọjú sí kọ̀ǹpútà, ó ní, "Bàbá, kí ni àwọn kókó tó ṣe pàtàkì sí ẹjọ́ yìí?"

Bàbá náà ní, "Gbogbo ẹ̀ ni."

"Mo ní àwọn kókó, sà."

Bàbá yíjú sí mi. "Ìyá, ẹ bá mi bi ọmọ yìí pé kí ló ń bi mí."

A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, mo sì rò pé àkísà ni ọjọ́ máa fún un. N kò rò pé ara ẹlòmíràn ni aṣọ ti máa ya.

Ìyá Sídí, opó ni. Igbó-Elérin ló ń gbé, adí àgbọn ló ń ṣe. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ra ilẹ̀ ibẹ̀, òun ló sì fi adí kọ́ yàrá méjì tó wà lórí rẹ̀, ó kọ́ àtíbàbà ìdí iṣẹ́ sí ẹ̀yìn. Ọkọ rẹ̀ kú. Àbúrò ọkọ ní ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n òun ni, kí opó kó ẹrù rẹ̀. Ohun tí Ìyá Sídí bá wá ni kí kóòtù sọ fún ọkùnrin náà pé kó má fọwọ́ kan ilé náà títí ẹjọ́ á fi parí. Ilé yẹn ni ibùsùn rẹ̀, òun náà sì ni ìdí iṣẹ́ rẹ̀. Kò ní òmíràn.

Fún irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀, kóòtù máa ń fẹ́ ìwé ìbúra, níbi tí ẹni náà ti máa sọ tẹnu rẹ̀. Káyọ̀dé bá a sọ̀rọ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń jẹ ẹ̀pà tán nínú ọwọ́. Ó ṣí ìwé opó kan tó ti wá rí, ó pààrọ̀ orúkọ. Èmi ni mo tẹ gbólóhùn tó máa ń gbẹ̀yìn irú ìwé bẹ́ẹ̀: pé wọ́n ti ka ìwé yìí fún ẹni tó ni ín ní èdè Yorùbá, ó sì yé e kó tó tẹ̀ka.

Mo ní, "Lọ́yà, a ò tíì kà á fún wọn."

"Màmá, kóòtù ò ní gba ìwé mọ́ tó bá kọjá aago méjì. Ohun tí wọ́n sọ fún mi náà ni mo kọ." Ó yíjú sí obìnrin náà. "Ìyá, ṣé kò sí wàhálà?"

"Kò sí wàhálà, ọmọ mi. Ẹ̀yin lẹ kúkú mọ̀wé."

Páàdì wà nínú àpò mi. Bí mo bá ti jókòó lé e, ọwọ́ Káyọ̀dé ò lè tó o. Ṣùgbọ́n mo yọ ọ́, mo ṣí i, mo sì di ọwọ́ obìnrin náà mú kí àtàǹpàkò rẹ̀ lè mú dáadáa. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà.

Ní kóòtù, lọ́yà àbúrò ọkọ rẹ̀ dìde, ọkùnrin kan tó ti hu ewú. Kò pariwo. Ó kan ka ibì kan nínú ìwé wa. Akọ̀wé kóòtù sì túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá Sídí: "Wọ́n ní ẹ sọ pé ọkọ yín nìkan ló ra ilẹ̀, ẹ̀yin kàn ń gbé ibẹ̀ nípa àánú rẹ̀."

Ìyá Sídí ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Adájọ́ ní kí wọ́n fi ìwé náà hàn án. "Ìyá, ṣé ìka yín nìyí?"

"Ìka mi ni, sà."

"Ṣé wọ́n kà á fún yín ní Yorùbá kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́?"

"Wọn ò kà á, sà."

Adájọ́ wo ìsàlẹ̀ ìwé, níbi tí mo tẹ irọ́ mi sí. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní ìwé tí wọn kò kà fún ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kì í ṣe ìwé lójú òun. Ó dà á nù, ẹ̀bẹ̀ tí ìwé náà gbé dúró sì bá a lọ. Ó ní bí a bá fẹ́, ká lọ ṣe òmíràn wá. Ìyá Sídí bojú wẹ̀yìn, ó ń wá mi láàárín èrò, ó rí mi. Kò bínú. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Kí a tó ṣe òmíràn, àbúrò ọkọ ti gbé ẹsẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, àwọn ọkùnrin rẹ̀ wó àtíbàbà, wọ́n gé igi àgbọn méjì, wọ́n da òkúta sínú kànga. Sídí ọmọ rẹ̀ ló fóònù wa.

Mo bá Káyọ̀dé níbi tó jókòó sí, kò tíì bọ́ aṣọ dúdú lọ́yà lọ́rùn. Ó ní, "Màmá, ibi ìwé kíkọ ni mo ti ṣe dáadáa jù nínú ìdánwò yẹn."

Mo ní, "Mo gbọ́."

"Wọn ò gbé ènìyàn kankan síwájú mi rí."

Mo ti ro gbólóhùn yẹn títí. Nígbà tí Bùsọ́lá wá kí mi láìpẹ́ yìí, mo bi í bóyá nǹkan ti yàtọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ń kọ ìwé ìbúra nínú ìdánwò, àwọn ń kọ ìwé àdéhùn.

"Ta ni ẹ ń kọ ọ́ fún?"

"Orúkọ ẹni náà máa ń wà nínú ìbéèrè, Màmá."

"Ṣé ó máa ń sọ̀rọ̀?"

"Rárá, orí bébà ló wà."

"Ṣé ó máa ń gbàgbé ohun tó ṣe pàtàkì jù, kó máa sọ ti ewúrẹ́? Ṣé ó máa ń ní ó yé òun, nígbà tí kò yé e?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ kí ènìyàn mọ̀ ló máa ń wà nínú ìbéèrè."

Ẹ gbọ́ nǹkan. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ní ogójì ọdún, n kò rí ẹni tó gun àtẹ̀gùn wa wá tí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu ènìyàn ni iṣẹ́ náà.

Télọ̀ tó fẹ́ gba fírídọ̀ọ̀mù, wọ́n á gbé ènìyàn síwájú rẹ̀ kó wọ̀n ọ́n, kó gé aṣọ, kó rán an. Wọn kì í ní kó kọ ọ́ sínú ìwé bí wọ́n ṣe ń gé ọrùn bùbá. Agbẹ̀bí, wọ́n á wo ọwọ́ rẹ̀ lára aboyún kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Ẹni tó kọ́ odò wíwẹ̀ lórí ẹní, ọ̀sà Ojo á bi í léèrè. Lọ́yà nìkan ni wọ́n á ní, ìwọ ṣáà ti kọ ọ́ dáadáa, àwọn oníbàárà rẹ á kọ́ ẹ ní ìyókù. Bẹ́ẹ̀ ni o, wọ́n á kọ́ ọ. Kànga Ìyá Sídí ti kọ́ ọ̀kan.

Bùsọ́lá ní àwọn pọ̀ jù, níbo ni wọ́n ti máa rí ènìyàn tó máa jókòó síwájú gbogbo àwọn. Mo ní kí wọ́n wá sí Ìyànà Ìbà. Àwọn tí ọ̀rọ̀ ń dùn pọ̀ níbẹ̀ ju àwọn tó ń ṣèdánwò lọ. Bí ọmọ bá bi wọ́n léèrè dáadáa, kó yege. Bí ó bá kàn ń wo fóònù, kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Abèèrè kì í ṣìnà, ẹ sì ń sọ àwọn tí kò mọ ìbéèrè bi di amọ̀nà.

Kí n má fi yín sílẹ̀ láìsọ: yàrá méjì yẹn ṣì jẹ́ ti Ìyá Sídí. Ìwé kejì ló gbà á là. Àtíbàbà àti kànga kò padà wá, ó ń ṣe adí lẹ́bàá ilé aládùúgbò ni. Èmi náà kò pẹ́ sí i níbi iṣẹ́ lẹ́yìn náà. Bí ìwé kejì sì ṣe wáyé nìyí.

Ní ọjọ́ kejì kóòtù, ọ̀yẹ́ kò tíì ká. Mo dé ọ́fíìsì kí wọ́n tó gbálẹ̀. Mo mú páàdì. Káyọ̀dé wọlé, ó ń lọ sídìí kọ̀ǹpútà.

Mo ní, "Fi ìyẹn sílẹ̀. Máa bọ̀." N kò pè é ní "ẹ" lọ́jọ́ náà.

"Níbo, Màmá?"

"Igbó-Elérin."

A bá Ìyá Sídí níbi tó ti ń ṣa èèpo àgbọn láàárín pákó tó fọ́. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ náà. Mo ní, "Èmi ni mo tẹ irọ́ yẹn. Èmi ni mo ṣí páàdì."

Ó ní, "Dìde, Sàbí. Bí orúnkún yẹn bá há síbẹ̀, ta ló máa fà ẹ́ dìde?" Ó dojú ìkòkò adí kan dé fún Káyọ̀dé. "Wọ́n ti fọ́ àga. Jókòó sórí èyí, wọn ò rí i fọ́."

Mo gba fóònù àti bírò lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà. Mo ní kó gbọ́ ná. Obìnrin náà sọ ọ́ látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, ó sọ ti ewúrẹ́, ó sọ ti àrùn tó pa ọkọ rẹ̀. Nígbà tó dákẹ́, mo ní, "Káyọ̀dé, sọ ọ́ padà fún wọn."

Ó sọ ọ́. Ìyá Sídí ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún un sọ. Obìnrin náà ní ó kù díẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, Káyọ̀dé dé ibi ríra ilẹ̀, ó dúró, ó wò ó lójú fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì ra ilẹ̀ yìí, orúkọ ta ni wọ́n kọ sínú rìsíìtì?"

"Orúkọ àwa méjèèjì."

"Ó wà?"

"Ó wà nínú agolo mílíìkì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ò bi mí."

Káyọ̀dé bo ojú. Mo dá bírò rẹ̀ padà fún un. Orí itan ló ti kọ ọ́, ó kà á ní Yorùbá, díẹ̀díẹ̀, Ìyá Sídí sì sọ ọ́ padà fún òun náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó sọ gbólóhùn tó kẹ́yìn tán, ó na àtàǹpàkò rẹ̀ sí mi. Ìgbà yẹn ni mo tó ṣí páàdì.